Ta ni yóò tọ́jú wa níbi tí kò ti sí ìyá, tí kò ti sí bàbá?

Gbogbo ẹni tó mọ ọjà Oil Mill ní Port Harcourt ló mọ̀ pé Ọjọ́rú ni ọjọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gba títì Aba kọjá ní Rumukwurushi, àfi kó tètè jí, tàbí kó mú sùúrù dání. Mọ́tò á há mọ́tò, kẹ̀kẹ́ Márúwá á wọ àárín wọn, àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì á ti dáná sí ẹ̀gbẹ́ títì. Nínú èrò rẹpẹtẹ yẹn, àwọn tiwa náà wà níbẹ̀: ìyá ẹlẹ́lùbọ́, aláta gígún, oníṣòwò aṣọ, àti àwọn ọmọ wa tó ń ru ẹrù. Ẹ ó gbọ́ "ẹ kú ọjà" láàárín èdè Ikwerre, ti Ìgbò àti Pijin, inú yín á sì dùn.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ló gbé wa dé ibí lónìí. A ò sọ̀rọ̀ ibà o. Ibà máa ń dé, a lo oògùn, ó lọ. Èyí tí à ń wí ni àìsàn tó dé, tó sì gba yàrá lọ́wọ́ onílé: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tí àwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kì í lọ. Ẹni tó ní in á máa bá a gbé ni, pẹ̀lú oògùn lójoojúmọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le ni pé ẹlẹ́sìn ni àwa Yorùbá. Ààwẹ̀ wà, ìṣọ́ òru wà, orí òkè wà, ẹ̀jẹ́ wà. Báwo ni ẹni tí kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀ ṣe ń gbé láàárín gbogbo ìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí ojú wa rí. Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà yìí. A ò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń kó ẹ̀lùbọ́ wá fún un, ó sì lé ní ogún ọdún tó fi wà ní Port Harcourt. Ọjọ́ tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni nọ́ọ̀sì ní kí òun náà jókòó kí àwọn wọn ìfúnpá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀. Dókítà kọ oògùn fún un, hóró kan ní àràárọ̀. Ó lò ó fún bí oṣù mẹ́rin. Ara rẹ̀ yá, orí tó máa ń fọ́ ọ kò fọ́ ọ mọ́.

Ó wá wọ ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ní ìjọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, gbígbẹ ni, láìjẹ láìmu. Ó ní òun ò lè máa fi ọwọ́ kan bẹ Ọlọ́run kí òun máa fi ọwọ́ kejì gbé oògùn sẹ́nu, pé àìnígbàgbọ́ nìyẹn. Ó di oògùn náà sínú ọ̀rá, ó tì í sábẹ́ aṣọ. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un o. Wòlíì rẹ̀ pàápàá ò mọ̀ pé ó ń lo oògùn kankan. Òun ló bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ààwẹ̀ parí, kò padà sórí oògùn, torí ara rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un. Ní Ọjọ́rú kan lẹ́yìn oṣù bíi méjì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, kò gbé kóńgò ẹ̀lùbọ́ mọ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ọmọ Ìgbò tó wà ní ìsọ̀ kejì ló kọ́kọ́ rí i, àwọn náà ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́. Títì ti há, bí ẹ ṣe mọ̀. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń wọn ẹ̀lùbọ́ bí ẹni ń jó, àbúrò rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ nílé ní Òkè-Ògùn báyìí.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ ààwẹ̀. Oògùn tí ó fi sílẹ̀ ló ṣe é. Ìfúnpá tó bá ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, lemọ́lemọ́, ni àwọn dókítà ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lè kọjá ibẹ̀ dáadáa kí orí má fọ́ ẹni rárá. Lọ́dún 2021, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé àwọn tó ní in láàárín ọmọ ọdún 30 sí 79 ní gbogbo ayé tó bílíọ̀nù kan àti 280 mílíọ̀nù, àti pé àwọn tó sún mọ́ ìdajì nínú wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Bí oògùn bá sì mú un wálẹ̀, kì í ṣe pé ó ti lọ. Oògùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, á tún dìde. "Ara mi ti yá" tí ìyá wa ń wí yẹn, oògùn ló ń yá a.

Èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò sì yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn kan tó jọ ọ̀fìnkìn jà káàkiri ayé, ó sì pa èèyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nílẹ̀ Yorùbá náà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour kan kóra jọ di ẹgbẹ́ àdúrà. Àwọn wọ̀nyí ló wá bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́, ìjọ tó ń kọ́ni pé kí onígbàgbọ́ má lo oògùn kankan, ì báà jẹ́ ti òyìnbó, ì báà jẹ́ àgbo. Lọ́dún 1930 ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òòyè nílùú Iléṣà, tí àwọn èèyàn ń gbé omi wá fún àdúrà láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1931 láti bá wọn ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó tó wá bá wọn gbé ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ìjà dé. Kí ni ẹni tó ń wàásù ìwòsàn láti ọ̀run ń fi kuníìnì ṣe? Ó wà lára ohun tó pín wọn níyà, tí àwọn kan fi lọ forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dún 1943. Sir Isaac Akínyẹlé, tó di Olúbàdàn lọ́dún 1955, wà lára àwọn aṣáájú wọn.

Tiwa ni pé àwọn baba wọ̀nyẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Lọ́dún 1918, kò sí oògùn kan lọ́wọ́ dókítà kankan, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní London, tó lè pa àrùn yẹn. Ẹni tó kọ oògùn nígbà náà, kí ló kọ̀ gan-an? Hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó rọrùn láti lò, bíi ọdún 1958 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Nígbà tí àwọn àgbà ń kọ oògùn, ohun tó wà nínú ìgò kò tó nǹkan. Èyí tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ dì sínú ọ̀rá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ aládùúrà ló ń lọ sílé ìwòsàn, àwọn mìíràn jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìtìjú àtijọ́ yẹn ṣì wà lára, pàápàá lára àwọn ìyá wa.

Àwọn Mùsùlùmí náà ní tiwọn. Alhaja kan wà ní ìlà ẹja gbígbẹ, àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra tipẹ́. Ní ọdún mélòó kan, ó gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ó sì lo oògùn rẹ̀, torí dókítà ti bá a tò ó tẹ́lẹ̀: èyí tó yẹ ní àárọ̀ bọ́ sí àsìkò ìṣínu, wọ́n dín ti sàárì kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé ni àwọn onímọ̀ ìtọ́jú àtọ̀gbẹ ní kí èèyàn ti lọ rí dókítà, kì í ṣe òru ọjọ́ tí oṣù lé. Ìdí wà fún un. Oògùn àtọ̀gbẹ ò rí bákan náà. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà lulẹ̀, ṣùgbọ́n glibenclamide àti abẹ́rẹ́ insulin lè já a lulẹ̀ tí inú bá ṣófo, kí èèyàn máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kó ṣubú sáàárín ọjà. Tí ẹ̀rọ bá ti ka ohun tó dín ní 70 tàbí tó kọjá 300, àwọn onímọ̀ ní kí aláàwẹ̀ ṣínu lójú ẹsẹ̀, oòrùn ì báà wà lókè. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ló sì ti sọ pé gígún ìka láti wo ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún wà tó ń mú èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tó ń lò ó tí kò mu omi látàárọ̀ nínú ooru Port Harcourt, ẹ fojú inú wò ó.

Lọ́dún kan, dókítà ní kí Alhaja má gba ààwẹ̀ rárá, torí kíndìnrín rẹ̀. Ó sunkún. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó wà nínú Kùránì o, áfà rẹ̀ ti fi Súrà kejì, ẹsẹ 184 àti 185 hàn án, níbi tí Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, tí ẹni tí kò lè san án padà sì máa ń bọ́ tálákà dípò. Ohun tó ń pa á lẹ́kún ni ojú ọjà. "Ẹ̀yin ẹ wò ó," ló wí fún wa, "èmi Alhaja, kí àwọn ọmọ kéékèèké máa rí mi tí mò ń jẹun lọ́sàn-án Ràmàdáánì?" Ẹ̀yìn àpò ẹja ló ń sá lọ jẹun, bí olè. Ó ń bọ́ tálákà kan lójúmọ́, ó ń lo oògùn rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn àpò ló ń jókòó sí.

A wá ń bi ara wa pé ṣé àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá jà? Ìbéèrè yẹn ló mú wa rìn jìnnà dé Tàílàńdì, ní ìlà oòrùn ayé, níbi tí ẹ̀sìn Búdà ti gbilẹ̀. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tí òyìnbó ń pè ní monk. Wọ́n fá irun wọn, wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, wọ́n kúrò nílé ìyá àti bàbá, wọn ò fẹ́yàwó. Wọn kì í dáná. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n máa ń gbé àwo káàkiri àdúgbò, ohun tí àwọn èèyàn bá bù sí i ni wọ́n máa jẹ. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n gangan, wọn ò gbọdọ̀ jẹun mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ààwẹ̀ nìyẹn, ojoojúmọ́, títí ayé.

Ẹ ó rò pé àwọn wọ̀nyí á rù kan eegun ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Yunifásítì Chulalongkorn ní Bangkok, tí ìròyìn rẹ̀ tàn káàkiri lọ́dún 2018, fi hàn pé ó sún mọ́ ìdajì àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà tó sanra jù, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló sì ní àtọ̀gbẹ. Kí ló fà á? Oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn ni. Ẹni tó ń bu oúnjẹ sáwo wọn, nítorí èrè lọ́run àti nítorí àwọn òkú rẹ̀ ló ṣe ń bù ú, kò sì ní bu èyí tí kò dùn. Ọbẹ̀ olómi àgbọn, ẹran ọlọ́ràá, oúnjẹ aládùn. Àwọn náà ò lè sọ pé àwọn ò gbà. Tó bá wá di ọ̀sán tí oúnjẹ ti dèèwọ̀, àwọn ohun mímu kan ò dèèwọ̀, ni wọ́n bá ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ohun mímu aládùn.

Ǹjẹ́ èyí ò jọ tiwa? Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé ìrẹsì ọlọ́ràá àti mọ́ọ̀tì síwájú rẹ̀. Tí kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní ó kẹ́gàn àwọn, tàbí pé ó ń fura. Àwa Yorùbá, ẹni tó kọ oúnjẹ wa, àwa gan-an ló kọ̀.

Ohun tí a fẹ́ràn nínú bí wọ́n ṣe tún un ṣe nìyí. Lọ́dún 2017, wọ́n ṣe ìwé àdéhùn kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà lórí ìlera àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ yunifásítì yẹn kò dá ẹjọ́ lé aláàwo lórí nìkan, wọ́n wá àwọn tó ń bu oúnjẹ lọ. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá àdúgbò bí wọ́n ṣe lè dín ọ̀rá, iyọ̀ àti ṣúgà kù kí ẹnu má sì korò. Wọ́n tún ṣe àmùrè fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà, tí wọ́n sàmì sí, kó lè máa sọ fún ẹni tó so ó tí ìbàdí bá ti ń tóbi jù. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ ọgbọ́n ni.

Ní ti oògùn, òfin wọn ti yanjú ẹ̀ látayébáyé. Oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò dá lè lò ó lẹ́yìn ọ̀sán, lálẹ́, lóru, kò ba ẹ̀jẹ́ rẹ̀ jẹ́. Egbòogi tí kì í ṣe oúnjẹ, ó lè tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, tí àìsàn bá ti wà.

Ìtàn kan wà nínú ìwé òfin wọn yẹn tí kò kúrò lọ́kàn wa. Wọ́n ní Búdà ń yí ká ibùgbé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, òun àti Ananda tó máa ń tẹ̀ lé e. Wọ́n bá ọ̀kan nínú wọn tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, ó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀gbin ara rẹ̀. Búdà bi í pé ta ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní kò sí. Èé ṣe? Ó ní òun náà ò ṣe nǹkan kan rí fún àwọn yòókù, ni wọn ò ṣe wojú òun. Búdà ní kí Ananda lọ bu omi wá. Òun ń da omi, Ananda ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan gbé orí, ọ̀kan gbé ẹsẹ̀, wọ́n gbé e sórí ibùsùn. Ó wá pe gbogbo wọn jọ, ó rán wọn létí pé wọn ò ní ìyá níbẹ̀, wọn ò ní bàbá níbẹ̀ tí yóò tọ́jú wọn. Tí wọn ò bá tọ́jú ara wọn, ta ni wọ́n rò pé ó ń bọ̀ wá ṣe é?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé kì í ṣe àwa ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí? Ṣakí jìnnà sí Rumukwurushi. Òṣogbo jìnnà. Àwa tí a wà níhìn-ín, a fi ìyá sílẹ̀, a fi bàbá sílẹ̀ wá ṣòwò. Àwọn ẹgbẹ́ wa ń ṣèpàdé lóṣooṣù, a ń dáwó, ó sì yẹ ká yin ara wa, torí kò sí ọmọ Yorùbá tó máa kú ní ìlú yìí tí owó mọ́tò tí yóò gbé òkú rẹ̀ lọ sílé á wọ́n wa. Owó òkú wà. Aṣọ ẹgbẹ́ wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, tí owó rẹ̀ ò tó ti aṣọ ẹgbẹ́ èèyàn méjì mẹ́ta, ẹgbẹ́ mélòó ló ní in? A bèèrè ní ẹgbẹ́ tiwa. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Akọ̀wé ní a ò sí nílé ìwòsàn.

Kò sẹ́ni tó ní ká sọ ìpàdé di ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú wa, wọ́n á fi ìṣẹ́jú méjì wọn ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, ilé ìlera alábọ́ọ́dé wà nítòsí, ilé ìwòsàn UPTH wà ní Alakahia, èyí tí a mọ̀ sí BMSH tẹ́lẹ̀ náà wà láàárín ìlú. Ẹni tó ń mu àgbo, kó má fi pamọ́ fún dókítà, torí àgbo àti hóró lè jọ máa fa nǹkan kan náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin pásítọ̀, wòlíì àti áfà wa, kí ẹ tó pe ààwẹ̀, ẹ bá wa sọ ọ́ láti orí pẹpẹ àti mínbárì pé kí ẹni tó ń lo oògùn wá rí yín ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu wòlíì ì bá ti mú ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tú ọ̀rá yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń se oúnjẹ òde, ẹ fi omi lásán sáàárín mọ́ọ̀tì yẹn.

Ọmọ ìyá náà obìnrin ló wà ní ìsọ̀ báyìí. A yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́rú tó kọjá láti béèrè àlàáfíà ìyá. Ó ní wọ́n ti ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A bi í pé ìgbà wo ni òun alára ti wọn ìfúnpá tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣì kéré sí ìyẹn, ọmọ ọdún 38 ni òun. Alhaja ẹlẹ́ja tó ń ra ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́. Kò bá a jà. Ó gba kóńgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní, "Dìde, máa lọ. Èmi á bá ọ tà á títí wàá fi dé."